Eérú Tútù Lẹ́bàá Ọ̀sà

Èbúté kan wà ní Ẹ̀pẹ́ tó jẹ́ pé òórùn ẹja yíyan kì í sí níbẹ̀ rárá láàárọ̀. Omi lo máa gbóòórùn, àti igi ọkọ̀ tó ti rin gbingbin, àti ẹrẹ̀, àti ẹja tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sílẹ̀ látinú àwọ̀n. Tó bá di ọ̀sán, tí oòrùn ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìgbà yẹn ni èéfín á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rú látinú abà àwọn obìnrin tó ń yan ẹja. Òórùn náà á wá gba gbogbo àdúgbò, á wọ inú aṣọ rẹ, á wọ inú irun rẹ, títí dé inú búrẹ́dì tó o rà sọ́wọ́. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé orí rẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ dúró lé: èéfín kì í sí láàárọ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, imú mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Títí dòní, tí mo bá rántí bí wọ́n ṣe fi èéfín àárọ̀ lé àwọn obìnrin yẹn kúrò létí omi, inú mi ṣì máa ń ru.

Nígbà yẹn, Ìkòròdú ni mò ń gbé, nínú yàrá kan tí mo háyà lẹ́yìn ibùdókọ̀ Agric. Ọmọ Ọ̀ṣun ni mí, mi ò mọ ẹnikẹ́ni nílùú náà ju ìyá onílé mi lọ, nítorí náà nígbà tí mo ríṣẹ́, ayọ̀ mi kọjá sísọ. Iṣẹ́ ọ̀hún ni pé ká dán àwọn ẹ̀rọ kékeré kan wò, àwọn tó ń wọn èéfín àti eruku inú afẹ́fẹ́. Sẹ́ńsọ̀ la máa ń pè wọ́n. Ẹ̀rọ ńlá tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí wà, ó sì dáńgájíá, ṣùgbọ́n ó wọ́n débi pé ìjọba pàápàá máa ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó ra ẹyọ kan. Àwọn kékeré yìí kò tóbi ju abọ́ ìjẹun ọmọdé lọ, oòrùn ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, wọn ò sì wọ́n. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, àdúgbò kọ̀ọ̀kan lè ní tiẹ̀. Iṣẹ́ tó dáa ni. Mi ò fẹ́ kó o rò pé iṣẹ́ náà ni mò ń bú.

Bí sẹ́ńsọ̀ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le láti lóye. Ìtànṣán iná tín-ínrín kan wà nínú rẹ̀, ohunkóhun tó bá sì fò kọjá níwájú iná yẹn, á kà á. Gílóòbù kékeré kan tún wà lára rẹ̀ níta. Tí afẹ́fẹ́ bá mọ́, àwọ̀ ewé ni gílóòbù yẹn máa ń tàn. Tí kò bá mọ́, á di pupa. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

A so wọ́n mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ńlá kan lórí dẹ́kìn ọ́fíìsì wa ní Ìkòròdú, nígbà ọyẹ́. Ètè gbogbo wa gbẹ, àtẹ́lẹsẹ̀ mi là, eruku pupa bo ọ̀dà ilé. Àràárọ̀ ni mo ń gun àtẹ̀gùn lọ kọ ohun tí wọ́n kà sílẹ̀, bí ẹni ń lọ bẹ adìyẹ wò bóyá ó ti yé. Ọ̀gá wa, ọkùnrin tó kàwé gan-an tó sì fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé òun kàwé, a máa dúró lẹ́yìn mi. Ohun tí ẹ̀rọ ńlá bá sọ, àwọn kékeré náà á sọ ọ́. Lọ́jọ́ tí ìdánwò yẹn parí, ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "Wọ́n yege! Wọ́n yege pátápátá!" Lóòótọ́ ni wọ́n yege. Nínú ọyẹ́ ni wọ́n ti yege. Kò sẹ́ni tó béèrè bí wọ́n á ṣe ṣe nínú ọ̀rinrin, èmi náà kò béèrè.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá ní kí n gbé ọ̀kan lọ sí èbúté tí mo ń sọ yìí. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wà níbẹ̀, ògiri rẹ̀ fara kan abà àwọn obìnrin náà. Ó ti pẹ́ tí ìjọba ìbílẹ̀ ti ń wá ọ̀nà láti kó abà yẹn kúrò, wọ́n wá ní kí ọ̀gá wa bá àwọn wò ó bóyá èéfín rẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ. Mo wọ mọ́tò, a gba ọ̀nà Agbówà lọ, mo fi aṣọ wé sẹ́ńsọ̀ náà, mo gbé e sórí itan. Bàbá kan tó jókòó tì mí kò gbádùn ìrìn náà rárá. Ó wò ó, ó tún wò ó, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ohun tó ń tan iná pìrí pìrí yẹn, ṣé kò ní bú mọ́ wa báyìí?" Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Obìnrin tó jẹ́ olórí àwọn tó ń yan ẹja níbẹ̀ ti lé ní ọgọ́ta ọdún dáadáa. Màmá ni tàgbà tèwe ń pè é. Ó yí ẹ̀rọ náà po, ó fi ìka kan án bí ẹni ń yẹ ẹja wò.

"Kí lèyí ń ṣe?"

"Màmá, ó ń ka èéfín ni."

"Ó ń ka èéfín! Ẹ ò rí iṣẹ́ lóòótọ́. Ó dáa, kó dúró dọ̀sán. Á kà títí, á sú u."

Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ló wá ṣàlàyé fún mi. Ó ní lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé náà nígbà yẹn wá bá àwọn. Kò wá jà, ẹ̀bẹ̀ ló wá bẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ ń wúkọ́ nínú kíláàsì, omi ń jáde lójú wọn, wọn ò rí ojú pátákó. Àwọn obìnrin náà jókòó, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n fẹnu kò sí i pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dáná títí agogo ìparí ilé-ìwé fi máa dún. Láàárọ̀, kí wọ́n máa fọ ẹja, kí wọ́n máa yọ ìfun, kí wọ́n fi iyọ̀ sí i, kí wọ́n tò ó sórí nẹ́ẹ̀tì. Agogo ni yóò pàṣẹ iná. Má ṣe rò pé nǹkan kékeré ni. Ẹja kì í dúró de ẹnikẹ́ni, wọ́n ní láti máa ra áísì bò ó títí agogo á fi dún. Bí ẹnì kan bá ṣe wàdùwàdù, tó dáná ṣáájú agogo, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á da omi sínú ààrò rẹ̀, á sì káwọ́ gbera lọ́jọ́ yẹn. "Ọmọ wa ló wà lẹ́yìn ògiri yẹn," ni Màmá wí. "Ta la fẹ́ fi èéfín pa?"

Kò sí ìwé kankan lórí àdéhùn yìí. Wọ́n ti gbé ọ̀gá ilé-ìwé yẹn lọ sí ibòmíràn, ẹni tó rọ́pò rẹ̀ kò mọ̀dí ọ̀rọ̀, ó kàn mọ̀ pé àwọn ọmọ òun kì í wúkọ́ ni. Inú mi dùn sí ohun tí mo gbọ́. Mo sọ fún Màmá pé, "Ẹ̀rọ yìí máa gbè yín. Òun ló máa fi hàn wọ́n pé ẹ̀ ń ṣe dáadáa." Ẹnu mi ló jáde, kò sẹ́ni tó fi ọ̀bẹ sí mi lọ́rùn. Màmá fúnra rẹ̀ ló bá mi di àkàsọ̀ mú nígbà tí mo ń so sẹ́ńsọ̀ náà mọ́ òpó tó sún mọ́ ògiri ilé-ìwé jù.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ní ọ́fíìsì, ọ̀gá wa fọwọ́ lu tábìlì. "Ẹ wá wo nǹkan!" Lórí kọ̀ǹpútà tí ẹ̀rọ Ẹ̀pẹ́ ń fi ohun tó kà ránṣẹ́ sí, ìlà pupa ló gun òkè lọ bíi kó já òrùlé, ní gbogbo ìdájí, títí oòrùn fi máa là. Ọ̀sán náà pupa, ṣùgbọ́n kò tó ti ìdájí. "Wọ́n ń dáná kí àwọn ọmọ tó dé ilé-ìwé," ló wí, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni mú olè. Mo ní, "Rárá sà, wọn kì í dáná láàárọ̀." Ó ní ta ló sọ fún mi. Mo ní àwọn fúnra wọn ni. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ẹ̀rín tí wọ́n máa ń rín sí ọmọdé tó ní òun rí iwin.

Mo tọrọ ààyè, mo lọ lo ọjọ́ mẹ́ta ní Ẹ̀pẹ́, lọ́dọ̀ aládùúgbò Màmá kan. Lójoojúmọ́, mo ti ń dé abà kí obìnrin kankan tó dé. Àfi bí ẹni pé ọ̀sà ló gòkè wá sílé. Kùrukùru bo gbogbo nǹkan, mi ò rí ọkọ̀ tó wà níwájú mi, omi ń kán láti ara páànù, ìró mi rin. Gílóòbù ara sẹ́ńsọ̀ náà sì ń pọ́n yòò. Mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò Màmá, mo ki ọwọ́ bọ inú eérú títí dé ọrùn ọwọ́. Ó tutù nini. Mo lọ sí ààrò kejì, mo ki ọwọ́ bọ ọ́. Ẹ̀kẹta. Gbogbo wọn ló tutù, ọ̀rinrin tiẹ̀ ti wọ inú eérú. Bí Màmá ṣe dé bá mi nìyẹn, tí eérú kún ọwọ́ mi méjèèjì.

"Kí lò ń wá nínú ààrò mi? Ṣé mo ri góòlù síbẹ̀ ni?"

Mo nawọ́ sí sẹ́ńsọ̀, mo ṣàlàyé ohun tí pupa náà túmọ̀ sí. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Òun náà bẹ̀rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ eérú ara rẹ̀, ó wò mí. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè, ó wo kùrukùru tó ń rọ́ lọ lórí orí wa, ó sì ní, "Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe eléyìí ló ń kà?"

Obìnrin tí kò rí inú ẹ̀rọ náà rí! Ohun tó ń kà gan-an nìyẹn. Ẹ̀kán omi tín-tìn-tín ni kùrukùru, ó ń fò kọjá níwájú iná kékeré yẹn, ẹ̀rọ náà kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín omi àti èéfín. Nínú ọyẹ́ ní Ìkòròdú, kò sí omi nínú afẹ́fẹ́ tó máa dà á láàmú. Ìdí rèé tó fi yege. Odindi ọ́fíìsì tó kún fún ìwé ẹ̀rí, a ò rí i. Màmá rí i kó tó fọ ojú tán.

Mo sáré padà sí Ìkòròdú. Tíì ni ọ̀gá ń mu nígbà tí mo wọlé. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan hàn yín." Mo ṣí fúláàsì omi gbígbóná tó wà níwájú rẹ̀, mo gbé ọ̀kan nínú àwọn sẹ́ńsọ̀ sórí ooru tó ń jáde. Kó tó gbé tíì ẹnu rẹ̀ mì, àwọ̀ ewé ti di pupa. Mo gbé e kúrò, ó padà di àwọ̀ ewé. Mo tún gbé e síbẹ̀, ó tún pọ́n. Ọ̀gá wò ó pẹ́. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó yé e. Mo fi Ọlọ́run búra fún ọ, ó yé e. Ó nawọ́, ó rọra dé fúláàsì náà.

"Ìwé ti lọ sọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀," ló wí. "Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ẹ̀rọ náà yege. Ṣé kí n tún wá lọ sọ fún wọn pé omi tíì ló fi hàn pé wọ́n kùnà?"

"Sà, àwọn obìnrin yẹn ò dáná láàárọ̀."

"Wọn kì í dáná lọ́sàn-án ni? Èéfín náà ni èéfín."

Ohun tó máa ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ohun kan wà tó lè sọ tó máa jẹ́ òótọ́. Èéfín ọ̀sán yẹn kò dára. Ojú Màmá ti pọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, ikọ́ rẹ̀ kì í lọ tán. Ká ní ó kọ ìyẹn ni, kó ní kí wọ́n bá àwọn obìnrin náà kọ́ ààrò tí èéfín rẹ̀ máa gba òkè jáde, ta ló máa bá a jà? Èmi ni ǹ bá kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n irọ́ àárọ̀ ló yàn, nítorí pé irọ́ àárọ̀ ló gba ẹ̀rọ rẹ̀ là. Ó wá kó ẹ̀ṣẹ̀ kùrukùru lé orí àwọn tó ti tìtorí àwọn ọmọ pa iná wọn.

Inú gbọ̀ngàn ilé-ìwé ni ìpàdé ti wáyé. Àwọn obìnrin náà jókòó lórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan wà níwájú, ọ̀gá ilé-ìwé tuntun náà wà níbẹ̀. Ọ̀gá wa gbé àwòrán ìlà pupa náà sára ògiri, ó ní èéfín ń pa àwọn ọmọ yìí láti ìdájí. Màmá dìde. Inú bí i tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ èdè Ẹ̀pẹ́ ló kọ́kọ́ sọ, mi ò gbọ́ ju ìdajì lọ. Lẹ́yìn náà ló fi Yorùbá tí gbogbo wa gbọ́ sọ ọ́: "Ta ló dáná láàárọ̀? Ẹ dárúkọ rẹ̀ fún mi."

Ọ̀gá wa ní, "Màmá, ẹ má bínú. Ẹ̀rọ kì í parọ́."

Màmá yíjú sí èmi tí mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. "Ìwọ ọmọ yìí, o ki ọwọ́ bọ eérú mi. Ó gbóná ni, àbí ó tutù?"

Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí mi. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Tutù. Ọmọ ọlọ́dún méjì lè pè é. Mo wo ojú ọ̀gá mi. Mo rántí owó ilé mi tó máa tó pé. Mo rántí oṣù tí mo lò láìríṣẹ́. Mo wá gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé, "Màmá, ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀gá parí ọ̀rọ̀ wọn ná."

Kò bú mi. Kò tiẹ̀ pòṣé. Ó padà jókòó. Òṣìṣẹ́ ìjọba náà ní kí wọ́n kó abà náà kúrò kí oṣù tó parí.

Àwọn fúnra wọn ni wọ́n tú u, nítorí wọn ò fẹ́ kí kátakátá ìjọba wá fọ́ páànù wọn mọ́ ara wọn. Ilẹ̀ tí wọ́n fún wọn jìnnà sí omi, nínú igbó lẹ́bàá ọ̀nà. Orí ọ̀kadà ni ẹja ń gbà lọ síbẹ̀ nínú oòrùn, òmíràn á sì ti rà kó tó dé. Àwọn kan lára wọn pa iṣẹ́ náà tì. Òpó kan ṣoṣo ni wọ́n fi sílẹ̀ létí omi, nítorí pé ẹ̀rọ ìjọba wà lára rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n láti fọwọ́ kàn án.

Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní Ìkòròdú, mò ń wò ó. Kò sí abà mọ́. Kò sí ààrò, kò sí igi ìdáná, kò sí obìnrin kankan. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ìlà pupa yọ, ó gùn bó ṣe máa ń gùn tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ kẹta, ó yọ. Odindi ọ̀sẹ̀, ó ń yọ. Ọ̀sán nìkan ló ti di àwọ̀ ewé. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, mo gbé e ka iwájú ọ̀gá. Kò wò ó dé ìsàlẹ̀. Ó ní, "Iṣẹ́ yẹn ti parí. Lọ tú ẹ̀rọ náà wá."

Mo lọ tú u lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò gbé e padà sí ọ́fíìsì. Mo gbé òun àti bébà náà lọ bá Màmá nínú igbó yẹn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ti fúláàsì, títí kan pé ọ̀gá ti mọ̀ ká tó ṣèpàdé. Mo kúnlẹ̀, mo ń sunkún. Ó ń to ẹja rẹ̀ lọ, kò dá iṣẹ́ dúró.

"Ṣé o rò pé ọjọ́ tí mo bi ọ́, mi ò mọ̀ pé eérú mi tutù ni?" ló wí. "Mo mọ̀. Mo fẹ́ kí ẹni tí wọ́n máa gbà gbọ́ sọ ọ́ ni."

Mo ní, "Màmá, mo máa sọ ọ́ báyìí."

Ó wá gbójú sókè. "Níwájú ta?"

Síbẹ̀, mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo fi orúkọ mi sí i, èmi àti òun jọ gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ wa, wọ́n ní àwọn á yẹ̀ ẹ́ wò. A ti padà lọ tó ìgbà mélòó kan, àwọn ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi bí mo ṣe mọ̀ pé á bọ́, mo sì rí òmíràn láàárín oṣù díẹ̀. Ìyẹn ló máa ń bí mi nínú sí ara mi jù, pé ohun tí mo torí rẹ̀ panu mọ́ kò tó nǹkan rárá.

Nísinsìnyí, tí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ní ẹ̀rọ kì í parọ́, ara mi á gbóná. Ẹ̀rọ kò lẹ́nu. Ọ̀gá mi lẹ́nu, èmi náà lẹ́nu, òun fi tiẹ̀ parọ́, èmi pa tèmi dé. Ìgbà kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ì bá ti wúlò, nínú gbọ̀ngàn yẹn, nígbà tí gbogbo wọn ń wo ẹnu mi. Láti ìgbà náà, mo ti sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́, fún ojúlùmọ̀, fún oníròyìn méjì, mo sì ń sọ ọ́ fún ìwọ náà báyìí. Kò tíì sí ẹni tí mo sọ ọ́ fún tí kò gbà mí gbọ́. Abà náà kò tíì padà sétí omi.